Àṣẹ́kù Ni Kí Ẹ Rà, Kì Í Ṣe Owó Ilé

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ta ilé àyágbé máa ń sọ ni iye owó tí ilé náà ń pa lọ́dún. Yóò ní, "Ilé yìí ń pa 12 lórí gbogbo 100 tí ẹ bá fi rà á." Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, kó sì tún ṣì yín lọ́nà. Ilé ń jẹun. Kí ẹnikẹ́ni tó mú nínú owó ilé, ilé fúnra rẹ̀ ti bu tirẹ̀: owó àtúnṣe, owó orí, owó adójútòfò, owó alámòójútó, oṣù tí fúláàtì fi ṣófo. Ohun tó kù lẹ́yìn tí ilé bá jẹun tán ni ẹ ń fi owó yín rà. Àṣẹ́kù ni mo máa pè é títí ọ̀rọ̀ yìí fi máa tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, 100 ni wọ́n ń tà á. Owó orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí ẹ bá ń ná, ìṣirò náà kò ní yí padà. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń san 2 lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ẹ wá yọ oṣù kan kúrò nínú ọdún fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ayálégbé á kó jáde, ẹ ó kun ilé, ẹ ó wá ẹlòmíràn. Oṣù kan nínú méjìlá: 1 ti lọ, ó ku 11. Alámòójútó gba ìdá 8 nínú 100 owó tó wọlé, ìyẹn 0.88. Owó orí ilé àti adójútòfò, 1.1. Àtúnṣe kéékèèké, bí ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń jò, kọ́kọ́rọ́ tó bàjẹ́, páìpù tó dí, 1. Owó tí ẹ ó máa kó pamọ́ de òrùlé àti àwọn ẹ̀rọ ńláńlá, 0.6. Iná orí àtẹ̀gùn, omi àti ìmọ́tótó àyíká, 0.42. Gbogbo ìnáwó yìí jẹ́ 4. Ẹ yọ 4 kúrò nínú 11, ó ku 7. Ìdá 12 tí wọ́n sọ ti di ìdá 7, kò sì sí ẹni tó jalè níbẹ̀.

Owó tí à ń kó pamọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò dá. Òrùlé kì í bàjẹ́ lọ́dọọdún, torí náà ó máa ń dà bíi pé kò sí ìnáwó kankan lórí rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun ńlá inú ilé sílẹ̀: òrùlé, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ amúlétutù, lífítì, ọ̀dà ìta. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí yóò ná yín láti pààrọ̀ rẹ̀ àti iye ọdún tó kù kó tó gbó. Bí òrùlé yóò bá gba 3, tó sì ku ọdún 12, ẹ ó máa yọ 0.25 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ ọdún 3 ló kù, ó di 1 lọ́dún. Irú òrùlé bẹ́ẹ̀, ẹ dúnàádúrà lé e lórí kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n yọ ọ́ nínú iye tí wọ́n ń ta ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni gbèsè. Ká ní báńkì yá yín ní 70, ẹ̀yin mú 30 wá, ẹ tún ná 5 lórí lọ́yà, owó ìjọba àti àyẹ̀wò ilé. Owó yín tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 35. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 6 lọ́dún, tí ẹ ó máa san án lóṣooṣù fún ọdún 25, báńkì yóò gba 5.41 lọ́wọ́ yín lọ́dún. Nínú àṣẹ́kù 7, ó ku 1.59, ìyẹn nǹkan bí ìdá 4.5 lórí owó yín. Bí èlé bá gòkè sí ìdá 8, báńkì yóò gba 6.48, ó ku 0.52, ìdá 1.5 péré. Ẹ sì padà sí èlé ìdá 6 yẹn náà: bí fúláàtì kan ṣoṣo nínú mẹ́fà bá ṣófo fún odidi ọdún, àṣẹ́kù yóò já wá sí nǹkan bí 5.3. Kò ní tó san owó báńkì mọ́. Fúláàtì kan péré!

Ìdí nìyí tí báńkì fi máa ń pín àṣẹ́kù sí iye tí ẹ ó san fún wọn lọ́dún. 7 tí a pín sí 5.41 jẹ́ 1.29. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í fẹ́ kó dín sí 1.20 tàbí 1.25. Èrò tèmi ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín le koko ju báńkì lọ. Ẹ fi ìdá 2 kún èlé òní, kí ẹ tún ìṣirò ṣe. Bí èsì rẹ̀ bá wá sílẹ̀ ju 1 lọ, ẹ yá owó tó kéré sí i tàbí kí ẹ fi ilé yẹn sílẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ilé ìtajà àti ọ́fíìsì tún ní ewu mìíràn lórí gbèsè yìí. Báńkì lè ṣírò owó tí ẹ ó máa san bíi pé ọdún 25 ni, síbẹ̀ kí ó gba gbogbo ìyókù padà lẹ́yìn ọdún 5, 7 tàbí 10. Ọjọ́ tí àkókò bá pé, ẹ ní láti yá òmíràn fi san án, ní iye èlé ọjọ́ náà. Láti oṣù Kẹta 2022 sí oṣù Keje 2023, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé rẹ̀ láti ẹ̀bá òdo dé àárín ìdá 5.25 sí 5.50. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ pé lẹ́yìn náà rí i pé ilé tó ń dá owó báńkì rẹ̀ san wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò lè gbé gbèsè tuntun. Torí náà ẹ má kàn béèrè iye èlé. Ẹ béèrè ọjọ́ tí gbèsè máa pé, bóyá èlé rẹ̀ lè yí padà kó tó pé, àti iye tí wọn yóò bù lé yín bí ẹ bá fẹ́ san án kíá.

Iye tí ilé ìṣòwò tó ní ọjà kò ju pé ká pín àṣẹ́kù sí ìdá èrè tí àwọn olùrà ń béèrè lọ. Bí wọ́n bá ń béèrè ìdá 7, àṣẹ́kù 7 jẹ́ 100. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdá 8, ilé kan náà di 87.5. Búlọ́ọ̀kù kan kò yẹ̀ lára ògiri, síbẹ̀ 12.5 ti lọ, tí gbèsè 70 bá sì wà lórí rẹ̀, 30 tó jẹ́ tiyín ti di 17.5. Àǹfààní rẹ̀ náà wà níbẹ̀: bí ẹ bá fi 0.5 kún àṣẹ́kù, ó lé ní 7 tí ẹ fi kún iye ilé. Ilé gbígbé kéékèèké kì í sábà rí báyìí. Iye tí wọ́n ta irú rẹ̀ ládùúgbò ló máa ń darí owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí àwọn ayálégbé.

Nínú ilé gbígbé, èèyàn pọ̀, àdéhùn kúrú. Bí ẹnì kan bá lọ, ìdá kékeré ló lọ, ẹ sì lè rí ẹlòmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó máa ń dààmú onílé níbẹ̀ ni kíkó wọlé kó jáde, àti ẹni tí kì í sanwó. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ alámòójútó ń lò ni pé kí owó tó ń wọlé fún ayálégbé tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí nìkan. Onílé tó fẹ́ kí ayálégbé kan tètè lọ lè yìn ín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Onílé tí ayálégbé náà ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní ìdí láti purọ́. Ọjọ́ tó bá ń kó wọlé, ẹ jọ yí gbogbo yàrá ká, ẹ ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀, fèrèsé àti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ kọ nọ́ńbà orí mítà iná àti ti omi, ẹ ka iye kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Láìsí ìwé yẹn, kò sí ohun tí ẹ lè fi mú owó ìdúró rẹ̀, ìyẹn owó tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín de ìbàjẹ́, lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ì báà jẹ́ pé ó fọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ má tún sáré kó ẹni tí kò yẹ wọlé nítorí pé yàrá ti ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù kan tó ṣófo jẹ́ ìdá kan nínú méjìlá owó ọdún. Ẹni tí kò sanwó tó sì kọ̀ láti jáde lè jẹ oṣù mẹ́fà kí òfin tó gbé e kúrò, kó sì fi ilé tó bàjẹ́ sílẹ̀ fún yín.

Ilé ìtajà, ọ́fíìsì àti ilé ìkẹ́rùsí yàtọ̀ pátápátá. Àdéhùn lè jẹ́ ọdún 5 tàbí 10, ayálégbé sì lè máa san owó orí, adójútòfò àti àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ó dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá lọ, àyè náà lè ṣófo fún ọdún kan tàbí méjì, gbogbo ìnáwó tó ń gbé yóò sì padà sọ́rùn yín. Ìwé àdéhùn gan-an ni ẹ ń rà níbí, kí ẹ tó máa ka ilé mọ́ ọn. Ẹ kà á fúnra yín láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn, kí lọ́yà tó kà á.

Ohun mẹ́rin ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn wá jáde nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n àyè. Àyè tí ayálégbé ń sanwó lé lórí lè jẹ́ mítà 100 níbùú lóròó, kí èyí tó ń lò gan-an jẹ́ 85, torí pé wọ́n ti ka ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ibi lífítì mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, owó rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 18 ga ju ohun tí ìwé sọ, yóò sì fi í wé ti ilé kejì lọ́jọ́ tí àdéhùn bá pé. Èkejì ni oṣù ọ̀fẹ́. Àdéhùn ọdún 5 tó ń san 10 lóṣù, tí wọ́n fún ní oṣù 6 lọ́fẹ̀ẹ́, 9 ló ń san lóṣù ní ti gidi, nítorí oṣù 54 ni yóò sanwó nínú 60. Ẹni tó ń tà lè kọ 10 síwájú yín kó máà dárúkọ oṣù ọ̀fẹ́ rárá. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ tí wọ́n ti fún un: ẹ̀tọ́ láti jáde ní agbede méjì àdéhùn, ẹ̀tọ́ pé ẹ kò ní fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tó ń ta irú ọjà rẹ̀, ẹ̀tọ́ láti dín owó kù bí ilé ìtajà ńlá tó ń fa èrò wá bá kó lọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lè ba gbogbo ọjà jẹ́ lójú kan náà, torí pé lílọ ẹnì kan yóò dín owó gbogbo àwọn yòókù kù. Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ tí àdéhùn kọ̀ọ̀kan máa parí. Ẹ tò wọ́n sórí ìwé kan. Bí mẹ́rin nínú márùn-ún bá máa parí lọ́dún tí gbèsè báńkì yín náà máa pé, ẹ ti rí ọdún tí wàhálà máa dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ìwé kan kí ẹ tó san owó ìkẹyìn, tó sọ iye tó ń san, ìgbà tó san gbẹ̀yìn, owó ìdúró tó fi sílẹ̀, àti pé kò sí àdéhùn ẹ̀yìn kankan láàárín òun àti onílé. Àdéhùn ẹ̀yìn yẹn ni ìwé àdéhùn kì í fi hàn, òun ló sì máa ń pa olùrà.

Ní ti ọ́fíìsì, ẹ rọra. Láti 2020 tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti ilé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò gba àyè tó tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní San Francisco, ó lé ní ìdá 30 nínú 100 àyè ọ́fíìsì tó ṣófo ní 2024. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ̀ ni láti sọ ọ́ di fúláàtì. Kì í rọrùn: àárín ilé ọ́fíìsì jìnnà sí fèrèsé, tọ́lẹ́ẹ̀tì àti páìpù sì kóra jọ sí ojú kan, bẹ́ẹ̀ fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti omi tirẹ̀.

Bí ilé epo bẹntiróòlù tàbí ilé ìfọṣọ tó ń fi kẹ́míkà fọ aṣọ bá ti wà lórí ilẹ̀ náà rí, ẹ má ra á láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ilẹ̀ àti omi abẹ́ rẹ̀ wò. Tánkì epo abẹ́ ilẹ̀ máa ń jò, kẹ́míkà ìfọṣọ náà máa ń rìn jìnnà nínú ilẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin lè mú ẹni tó ni ilẹ̀ lónìí láti fọ̀ ọ́ mọ́, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ òun ló ba á jẹ́.

Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, ni kí ẹ lọ wo ilé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti téèpù ìwọ̀n dání. Ọ̀dà tuntun tó yí gbogbo yàrá ká kò burú. Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni àjà tí wọ́n kun ojú kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú àjà kọjá ní gbọọrọ, ibi tó wú tàbí tó sọ̀ yóò sì yọ òjìji. Àbàwọ́n omi tó ti pẹ́ máa ń ní etí pupa rúsúrúsú, òrùka nínú òrùka, bí omi ṣe ń wọlé tó ń gbẹ, tó tún ń wọlé. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bó bá tutù, ó ṣì ń jò. Bó bá gbẹ lẹ́yìn òjò ńlá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe lóòótọ́. Ẹ béèrè risíìtì ẹni tó ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àárín òrùlé ni omi ń gbà wọlé bí kò ṣe ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri, ibi tí páìpù ti yọ jáde, àti inú gọ́tà tí ewé ti dí. Lórí òrùlé pẹrẹsẹ, omi tó ṣì dúró lẹ́yìn wákàtí 48 tí òjò ti dá fi hàn pé ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára.

Ọ̀rinrin tó ń ti ilẹ̀ gòkè yàtọ̀ sí èyí. Kì í sábà ga ju mítà kan lọ, ó máa ń fi iyọ̀ funfun bí ìyẹ̀fun sílẹ̀ lójú ògiri, ọ̀dà á sì máa ṣí. Ẹ tún wo ògiri tó sán. Èyí tó tín-ín-rín bí irun lójú sìmẹ́ǹtì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó ń bá ìpàdé búlọ́ọ̀kù rìn bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, tó fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, tí ilẹ̀kùn itòsí rẹ̀ kò sì pa dé mọ́, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.

Ní òkè pátápátá, ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá di tótó-tótó, páìpù ti kéré tàbí ìpẹtà ti dí i. Ẹ kán àwọ̀ sínú táńkì tọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 20. Bí àwọ̀ bá yọ nínú àwo, ó ń jò láìdún, owó omi ọdọọdún sì ń bá a lọ. Ẹ wò bóyá fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ mítà kan ni gbogbo ilé ń lò, ẹ̀yin lẹ ó máa san iná tí ẹlòmíràn ń tàn mọ́jú.

Àwọn ìwé: lọ́yà ni yóò wádìí ẹni tó ni ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, gbèsè tó wà lórí rẹ̀, ọ̀nà tí ẹlòmíràn ní ẹ̀tọ́ láti gbà kọjá nínú rẹ̀, àti bóyá ìjọba gbà kí wọ́n lò ó fún ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Awọnlẹ̀ ni yóò fi ìdí ààlà múlẹ̀. Èyí tí ẹ lè ṣe fúnra yín ni pé kí ẹ gba ìwé orúkọ àwọn ayálégbé, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń san àti ọjọ́ tí àdéhùn wọn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi wé ìwé báńkì onílé fún oṣù 12, ìlà sí ìlà. Bí àdéhùn mẹ́ta nínú mẹ́fà bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù méjì tó ṣáájú títà, ẹ fura. Àwọn kan máa ń kó ọ̀rẹ́ àti ẹbí sínú yàrá tó ṣófo kí ilé lè dà bí èyí tó kún. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ bá àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀. Wọn yóò sọ fún yín níbi tí òrùlé ti ń jò.

Nígbà tí ẹ bá ń ra adójútòfò, iye tí yóò ná yín láti tún ilé kọ́ ni kí ẹ fi ra á, kì í ṣe iye tí ẹ rà á, kí ó sì kó owó ilé tí ẹ ó pàdánù mọ́ ọn bí iná bá jó o. Ẹ ka ibi tó sọ̀rọ̀ nípa ilé tó ṣófo: ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń dín ojúṣe wọn kù bí ilé bá ti ṣófo fún ọjọ́ 30 tàbí 60, àkókò náà gan-an tí olè àti páìpù tó bẹ́ sì máa ń pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ tí owó bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ rí i pé wọ́n ti yọ owó ìdúró gbogbo àwọn ayálégbé kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Owó ayálégbé ni, onílé tẹ́lẹ̀ kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbàgbé, ó máa bá a lọ, ẹ̀yin ni ayálégbé yóò sì na ọwọ́ sí nígbà tó bá ń kó jáde. Bákan náà ni owó ilé tí wọ́n ti san sílẹ̀: bí ẹ bá gba ilé ní ọjọ́ 10 oṣù, owó láti ọjọ́ 10 dé ìparí oṣù jẹ́ tiyín. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ka gbogbo mítà, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ayálégbé kọ̀ọ̀kan, èyí tí onílé àtijọ́ náà buwọ́ lù, tó sọ orúkọ ẹni tí wọn yóò máa sanwó fún láti ìsinsìnyí àti nọ́ńbà tí wọn yóò pè bí páìpù bá bẹ́ lóru.